Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Oníṣẹ́ Ọnà: Pàṣípààrọ̀ Láàárín Ilẹ̀ Yorùbá àti Àwọn Ọmọ Adúláwọ̀ Lókè Òkun

Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù lọ nìyí. A tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó díjú.

Kí ni ẹ ń pè ní pàṣípààrọ̀ gan-an?

Kí iṣẹ́ ọnà àti ẹni tó ṣe é máa lọ, kí wọ́n máa bọ̀, láàárín wa àti àwọn ọmọ Adúláwọ̀ tó wà ní Bahia ní Brazil, Havana ní Cuba, Harlem ní New York tàbí Brixton ní London. Ìpàtẹ wà nínú rẹ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀. Rẹ́sídẹ́ńsì náà wà níbẹ̀, ìyẹn ni kí wọ́n gba oníṣẹ́ sí ibì kan fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan pé kó máa gbé ibẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́. Ẹni tó ta àwòrán kan fún ará Houston tajà ni. Ìgbà tí ọgbọ́n bá ń ti ìhà méjèèjì wá la tó lè pè é ní pàṣípààrọ̀.

Ṣé àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Rárá o. Ọdún 1961 ni wọ́n dá Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ n'Ìbàdàn. Nígbà tó fi máa di 1962, Jacob Lawrence, gbajúmọ̀ ayàwòrán ọmọ Adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà, ti wá pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ àti l'Ékòó. Ó tún padà wá ní 1964 pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Gwendolyn Knight, ayàwòrán lòun náà, wọ́n sì lo bí oṣù mẹ́jọ. Ní Òṣogbo, Denis Williams, ọmọ ilẹ̀ Guyana, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Mbari Mbayo, ibùdó ọnà tó wà nílé Dúró Ládiípọ̀. Nígbà tí Georgina Beier darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti 1964, Twins Seven Seven, tó wá di gbajúmọ̀ ayàwòrán, wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni Festac, àjọ̀dún ọnà àti àṣà àwọn ọmọ Adúláwọ̀ káàkiri ayé, tó wáyé l'Ékòó láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì, ọdún 1977. Gbogbo ayé ló ń yìn ín títí dòní, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹnu ni wọ́n fún láyè. Abdias do Nascimento, ayàwòrán àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọ Brazil, ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà. Wọn kò gba ìwé tó fẹ́ kà níbi àpérò Festac nípa ìyà tí àwọn ọmọ Adúláwọ̀ ń jẹ ní Brazil, ló bá ń pín in kiri fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ àwọn wo ni kí n mọ̀ kí n tó lọ sí Brazil tàbí Cuba?

Ẹ fi Mestre Didi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bí i ní Salvador, ní Bahia, ní 1917, ó kú ní 2013, ìyá rẹ̀ sì ni olórí ilé òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá. Ṣàṣàrà Ọmọlú àti ìbírí Nàná, ohun àṣẹ tí òrìṣà méjèèjì ń mú lọ́wọ́, ni gbòǹgbò ère rẹ̀: ọwọ̀ ọ̀pẹ tí a dì pọ̀ gbọn-in, tí a fi awọ wé ní àwọ̀ oríṣiríṣi, tí a wá to owó ẹyọ àti ìlẹ̀kẹ̀ sí lára. Ẹ wo bí ó ṣe ń tẹ orí ọwọ̀ náà po bí ìwo tàbí bí ẹnu ẹyẹ. Kò gbẹ́ igi, bẹ́ẹ̀ ni kò rọ irin, síbẹ̀ ère rẹ̀ a ga ju ènìyàn lọ nígbà míì. Ní 1967 ó lọ sí Kétu ní ilẹ̀ Benin, ó ki oríkì tí ìdílé ìyá rẹ̀ ti ń ki láti ìran dé ìran, àwọn ará ilé Àṣípa sì dá a mọ̀.

Ní Cuba, ayàwòrán Wifredo Lam ni (1902 sí 1982). Adóṣù Ṣàngó ni obìnrin tó ṣe ìyá ìsàmì fún un. Àwòrán rẹ̀ tó lókìkí jù, La Jungla ti 1943, wà ní New York ní musíọ̀mù MoMA. Orí pépà ló kùn ún sí, wọ́n sì wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ kánfáàsì. Ó ju mítà méjì lọ lóòró àti níbùú. Nínú àwọn tó wà láyé, ẹ wá iṣẹ́ Manuel Mendive àti ti María Magdalena Campos-Pons.

Bí ẹ bá dé Salvador, ẹ má padà láì rí pátákó òrìṣà 27 tí oníṣẹ́ ọnà Carybé gbẹ́, ní Museu Afro-Brasileiro. Bí ẹ bá dé São Paulo, Museu Afro Brasil tí Emanoel Araújo dá sílẹ̀ ní 2004 ni.

Kí ló dé tí Ọ̀ṣun tiwọn fi ń wọ yẹ́lò, tí Yemọja sì di ti òkun?

Wọ́n ti ń bọ òrìṣà náà lọ́dọ̀ tiwọn fún ìgbà pípẹ́, ìṣe náà sì ti ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní Brazil àti Cuba, yẹ́lò àti wúrà ni ti Ọ̀ṣun. Ní Òṣogbo, aṣọ funfun àti idẹ lẹ máa rí lára àwọn olóòṣà rẹ̀. Odò Ògùn ni ti Yemọja nílé. Ní Salvador, etíkun Rio Vermelho ni wọ́n ti ń gbé ẹ̀bùn fún un ní ọjọ́ 2 oṣù kejì lọ́dọọdún. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́ nílé, ọba Kétu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ìwé ìpàtẹ ni kí wọ́n mú àwọ̀ Cuba, odò Abẹ́òkúta àti oríkì Ọ̀yọ́ pa pọ̀ bí ẹni pé ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ẹ kọ ìlú tí ẹ ti mú un. Ẹ má sì sọ fún ará Bahia pé tirẹ̀ kì í ṣe ojúlówó. Ó ṣeé ṣe kó mọ orin tí wọn kò kọ mọ́ ní àdúgbò yín.

Rẹ́sídẹ́ńsì wo ló yẹ kí n wò?

Nílé, G.A.S. Foundation tí oníṣẹ́ ọnà Yinka Shonibare dá sílẹ̀ ní ilé l'Ékòó àti oko ní agbègbè Ìjẹ̀bú. Ní Dakar, Black Rock ti Kehinde Wiley, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà. Ní London, Gasworks. Ní New York, Studio Museum in Harlem, tó wà láti 1968, ń gba àwọn oníṣẹ́ ọnà tí ìran wọn ti Áfíríkà wá. Ní Brazil, Sacatar wà ní erékùṣù Itaparica, tó kọjú sí Salvador. Bó bá jẹ́ eégún ni iṣẹ́ yín dá lé, tiwa ni pé kí ẹ fi Itaparica ṣáájú, nítorí ibẹ̀ ni eégún ti fìdí múlẹ̀ jù ní gbogbo Brazil.

Kí ni wọ́n máa ń fẹ́ rí nínú ìwé tí mo bá fi ránṣẹ́?

Àwòrán iṣẹ́ bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀rọ̀ kúkúrú nípa iṣẹ́ yín tí kò ju 300 ọ̀rọ̀ lọ, àti ohun pàtó tí ẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀. "Mo fẹ́ mọ àṣà wọn" kò tó. Ẹ sọ ọjà tí ẹ fẹ́ rìn, ohun èlò tí ẹ fẹ́ lò, irú ẹni tí ẹ fẹ́ bá ṣiṣẹ́.

Fọ́tò ló ń ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́. Ẹ gbé iṣẹ́ síbi òjìji ní ojúmọmọ, ẹ má tan fíláàṣì, kí ojú kámẹ́rà sì dojú kọ àárín rẹ̀ gan-an kí igun má baà wọ́. Ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù nínú fọ́tò kò gbọ́dọ̀ dín ní 2000 píkísẹ́lì. Bó bá jẹ́ WhatsApp lẹ fi ránṣẹ́, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì, ẹ má fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò, torí yóò fún un pọ̀. Lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan: orúkọ iṣẹ́, ọdún, ohun tí a fi ṣe é, àti ìwọ̀n ní sẹ̀ǹtímítà. Òró ló máa ń ṣáájú ìbú.

Gálárì kan ní kí n san owó kí wọ́n tó pàtẹ iṣẹ́ mi. Ṣé kí n san án?

Ẹ má san án. Inú iṣẹ́ tó bá tà ni gálárì gidi ti ń jẹ. Owó táṣẹ́rẹ́ tí àwọn ìdíje kan ń gbà fún fọ́ọ̀mù yàtọ̀. Owó ògiri, owó kátálọ́ọ̀gì àti owó ẹ̀yẹ ni ká sá fún. Ẹ béèrè àwòrán yàrá ìpàtẹ, orúkọ àwọn tó pàtẹ níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kí ẹ sì kọ̀wé sí méjì nínú wọn.

Fíìsà wo ni kí n béèrè fún?

Ẹni tó pè yín ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ èyí tó lè tì lẹ́yìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fíìsà àlejò tó fún ìpàtẹ kúkúrú. Fíìsà Creative Worker ni ti ẹni tí iléeṣẹ́ kan gbà síṣẹ́, iléeṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ onígbọ̀wọ́. Ní Amẹ́ríkà, J-1 ni ọ̀pọ̀ rẹ́sídẹ́ńsì ń lò, ẹ kò sì lè gbà á láìsí fọ́ọ̀mù DS-2019 láti ọwọ́ wọn. Òfin yìí ń yí padà, nítorí náà ojú ìwé ẹ́ḿbásì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kà. Ẹ má gbára lé ohun tí ẹni tó lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn bá sọ.

Ìwé wo ni iṣẹ́ mi nílò kó tó jáde ní Nàìjíríà?

Ìwé àṣẹ láti ọwọ́ àjọ NCMM, tó ń bójú tó musíọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ohun àtijọ́. Iṣẹ́ tuntun náà nílò rẹ̀, pàápàá ère, torí òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú kò lè fi ojú lásán mọ ère àná yàtọ̀ sí ti ìgbà ayé baba ńlá wa. Ẹ mú fọ́tò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dání, ìwọ̀n rẹ̀, ọdún tí ẹ ṣe é, àti lẹ́tà ibi tó ń lọ. Ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ ìrìnàjò, pápákọ̀ ni yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ sí.

Mo fi ère ìbejì ìyá àgbà mi ṣe ara iṣẹ́ mi. Ṣé ó lè jáde?

Bóyá ni. Òfin Nàìjíríà ka iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ sí ohun àtijọ́ bí wọ́n bá ti ṣe é ṣáájú 1918. Apá kejì òfin náà ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀: bí ohun náà bá níyì ní ti ìtàn, ọnà tàbí ìmọ̀, tí wọ́n sì ti fi ṣe ètùtù tàbí ayẹyẹ ìbílẹ̀ rí, ohun àtijọ́ ni, ì báà jẹ́ 1960 ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Ìbejì tí wọ́n ti fún lóúnjẹ, tí wọ́n ti fi osùn pa, bọ́ sí abẹ́ èyí. Kíkàn án mọ́ kánfáàsì tuntun kò sọ ọ́ di tuntun.

Ẹ gbẹ́ òmíràn, tàbí kí ẹ fún agbẹ́gilére ṣe, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ sínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn àti òpó ààfin.

Ìkóódẹ, eyín erin, igbá àti iyẹ̀pẹ̀ ńkọ́?

Ìkóódẹ kò ṣeé gbé kọjá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Láti oṣù kìíní 2017 ni odídẹrẹ́ ti wà ní ìsọ̀rí kìíní àdéhùn CITES, níbi tí wọ́n ti fòfin de òwò ẹranko náà àti ẹ̀yà ara rẹ̀. Ìyẹ́ kan ṣoṣo lára adé lè mú kí kọ́sítọ́ọ̀mù gba gbogbo adé náà. Ẹ rẹ ìyẹ́ adìyẹ ní pupa, kí ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sára àkọlé. Ẹ má gbèrò eyín erin rárá. Owó ẹyọ kò ní wàhálà.

Igbá gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa, kí inú rẹ̀ mọ́, kí ó sì ní ìwé àjọ NAQS pé kò ní kòkòrò. Iyẹ̀pẹ̀ kò ṣeé gbé wọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ti ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ wà. Pákó apá àti ọ̀gànwó tí a kò tíì gbẹ́ ti wà lábẹ́ CITES láti 2023, nítorí náà ẹni tó fẹ́ lọ gbẹ́ igi lọ́hùn-ún kó ra igi lọ́hùn-ún.

Báwo ni mo ṣe lè di àwòrán kó má bàjẹ́ lọ́nà?

Bí kánfáàsì kò bá ní férémù, ẹ ká a, kí ojú ọ̀dà wà níta. Bí ó bá wà nínú, ọ̀dà á sún kì, á sì là nígbà tí wọ́n bá tẹ́ ẹ. Páìpù tí ẹ máa ká a mọ́ kò gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Pépà glassine, ìyẹn pépà fẹ́lẹ́ tó ń dán, ni kí ó kan ojú ọ̀dà. Acrylic máa ń rọ̀ nínú ooru. Bí bubble wrap bá fara kàn án nínú ọkọ̀ ẹrù l'Ékòó, òǹtẹ̀ róbóróbó ni yóò kù lójú àwòrán, kò sì sí bí a ṣe lè yọ ọ́. Àwòrán ọ̀dà epo tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò tíì gbẹ dénú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ kò lẹ̀ mọ́ ọn.

Fún èyí tó ní férémù àti fún ère, plywood oní-mìlímítà 12 ni kí wọ́n fi ṣe àpótí, kí fóòmù tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún wà ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Skúrù ni kí wọ́n fi dè é. Ìṣó kò dáa, torí wọ́n máa tú àpótí náà, wọ́n sì máa tún un dì nígbà tó bá ń bọ̀. Plywood kò nílò òǹtẹ̀, ṣùgbọ́n igi lásán tí wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ àpótí gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ ISPM 15 tó ní HT, tó fi hàn pé wọ́n yan án títí inú rẹ̀ fi gbóná dé 56°C fún ìṣẹ́jú 30. Àìsí òǹtẹ̀ yìí lára ẹsẹ̀ méjì péré ti mú kí wọ́n dá odindi ẹrù padà.

Ẹ ya fọ́tò iṣẹ́ kí ẹ tó dì í, bí ẹ ṣe ń dì í, àti lẹ́yìn tí ẹ dì í tán. Ẹ lẹ ọ̀kan mọ́ inú ìdérí, kí ẹni tó máa tún un dì lọ́hùn-ún lè rí bó ṣe wà.

Ẹrù mi fúyẹ́. Kí ló dé tí owó rẹ̀ tó báyìí?

Àyè tí ó gbà ni wọ́n ń wọ̀n. Ẹ fi òró, ìbú àti gíga ní sẹ̀ǹtímítà sọ ara wọn di púpọ̀, kí ẹ pín in sí 5000 fún kúríà, tàbí 6000 fún kágò ọkọ̀ òfurufú. Àpótí 120 × 100 × 20 jẹ́ kílò 48 lọ́dọ̀ kúríà àti 40 lọ́dọ̀ kágò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kílò 15 ni lórí ìwọ̀n. Èyí ló mú kí kíká kánfáàsì dínwó.

Kí ni kọ́sítọ́ọ̀mù máa gbà lọ́hùn-ún?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwòrán àti ère tí oníṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kì í san owó ibodè, VAT rẹ̀ sì jẹ́ 5%. Bí iṣẹ́ bá ń padà bọ̀ wálé, kí gálárì gba ìwé ìwọlé fún ìgbà díẹ̀, láìsan VAT.

Adìrẹ ló máa ń kó wàhálà. Bí ìńfọ́ìsì bá sọ pé "aṣọ" lásán, owó aṣọ ni wọ́n máa gbà, pẹ̀lú VAT 20%. Ẹ kọ orúkọ oníṣẹ́, ọdún, pé ẹyọ kan ṣoṣo ni, pé ògiri ni wọ́n máa gbé e kọ́. Ẹ má sì kọ iye irọ́ kí owó lè kéré: iye tí ẹ kọ yẹn ni ìnṣọ́ránsì máa san bí iṣẹ́ bá sọnù.

Ère mi là ní London. Ta ló jẹ̀bi?

Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rinrin ni. Afẹ́fẹ́ Èkó sábà máa ń ní ọ̀rinrin tó ju 80% lọ. Yàrá tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú gbóná nígbà òtútù lè má tó 35%. Igi tútù á sún kì láti ìta wọnú, yóò sì là. Igi tó gbẹ fún ọdún kan ó kéré tán ni kí ẹ lò fún iṣẹ́ tó ń lọ. Ẹ ní kí wọ́n fi àpótí sílẹ̀ ní dídì nínú yàrá fún wákàtí 24 kí wọ́n tó ṣí i. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun lábẹ́ ihò wẹ́wẹ́ lára ère, kòkòrò wà nínú rẹ̀. Kò sí musíọ̀mù tó máa gbà á wọlé bẹ́ẹ̀.

Ti adìrẹ, iná ló ń pa á. Kí wọ́n má jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ju 50 lux lọ. Ẹ fọ ẹ̀kọ láfún kúrò lára adìrẹ ẹlẹ́kọ dáadáa, torí kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀.

Kí ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àdéhùn pẹ̀lú gálárì?

Orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti iye rẹ̀. Kọ́míṣọ̀n, tó sábà máa ń tó 50%. Ọjọ́ tí àdéhùn máa parí. Iye ọjọ́ tí wọ́n máa fi san owó lẹ́yìn títà (30 dára). Ẹni tó máa san ìnṣọ́ránsì láti ìgbà tí iṣẹ́ bá kúrò lọ́wọ́ yín títí tó fi máa padà. Èyí tí gbogbo ènìyàn máa ń gbàgbé: ta ló máa san owó ẹrù ìpadàbọ̀? Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà ló wà ní yàrá ẹ̀yìn gálárì òkè òkun lónìí nítorí ìlà kan ṣoṣo yìí.

Iye kan náà ni kí ẹ tà á níbi gbogbo. Bí ẹni tó rà á ní Peckham, ní London, bá gbọ́ pé ìdajì ni ẹ ń tà á ní Lekki, gálárì yín lọ́hùn-ún ò ní gbà yín mọ́.

Ẹni tó ra iṣẹ́ mi ti ń tẹ̀ ẹ́ sára kọ́ọ̀bù. Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́?

Kò lẹ́tọ̀ọ́, àfi bí ẹ bá fọwọ́ síwèé pé ẹ fún un. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló rà. Ẹ̀tọ́ àtidà á kọ ṣì jẹ́ tiyín. Lábẹ́ òfin kọ́píráìtì Nàìjíríà ti 2022, ẹ̀tọ́ náà wà ní gbogbo ayé oníṣẹ́ àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ fi í sínú ìńfọ́ìsì ní gbólóhùn kan, kí ó má di àríyànjiyàn.

Àmì ohùn parẹ́ lára àkọlé iṣẹ́ mi lórí ògiri. Kí ló fà á?

Fọ́ǹtì ni. Lẹ́tà bí ọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan nínú kọ̀ǹpútà; ọ pẹ̀lú àmì tó dá dúró ni, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tí gálárì ń lò kò sì mọ bí a ṣe ń tò wọ́n lérí ara wọn. Noto Sans àti Charis SIL mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ bíi PDF, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi èyí tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ hàn yín kí wọ́n tó gé e.

Ṣé mo lè pe ankara ní ohun ìní Áfíríkà nínú iṣẹ́ mi?

Ẹ lè pè é bẹ́ẹ̀, kí ẹ ṣáà mọ ìtàn rẹ̀. Àwọn ará Netherlands ló ń fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé bátíìkì Indonesia, tó wá di ọjà wa. Ìdí gan-an tí Yinka Shonibare fi ń lò ó nìyẹn, ọjà Brixton ló sì ti ń rà á. Ọkọ̀ Nelson inú ìgò tó gbé sí Trafalgar Square ní 2010 ní ìgbòkun 37 tí wọ́n fi irú aṣọ yìí ṣe. Ó ti wà ní Greenwich báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ aṣọ tí kò ní irú àríyànjiyàn yìí, adìrẹ àti aṣọ òkè wà.

Ọ̀rẹ́ mi láti Bahia fẹ́ wá ṣiṣẹ́ nínú igbó Ọ̀ṣun. Ọ̀dọ̀ ta ni kó lọ?

Ọ̀dọ̀ méjì ni. NCMM ló ń bójú tó igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìní orílẹ̀-èdè, UNESCO sì ti kà á mọ́ ogún àgbáyé láti 2005. Àwọn ni kó kọ̀wé sí bó bá fẹ́ gbé kámẹ́rà ńlá wọlé tàbí kó yàwòrán fún ọjọ́ púpọ̀. Èkejì ni ààfin Àtáọ́ja àti àwọn àwòrò Ọ̀ṣun. Ìwé NCMM kò fún un láṣẹ láti wọ ojúbọ.

Bó bá jẹ́ adóṣù ní Brazil, kó sọ ọ́ nígbà tó bá ń kí wọn. Wọn á bi í léèrè ẹni tó dóṣù fún un. Kò gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun sílẹ̀ létí odò láì bi àwòrò. Kó má fọwọ́ kan ère sìmẹ́ǹtì Susanne Wenger àti ti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, torí ojú wọn ń ṣí. Bó bá jẹ́ oṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ló fẹ́ wá, kó má gbèrò iṣẹ́ kankan ní ọjọ́ tí arugbá ń jáde: èrò kò ní jẹ́ kó rí àyè gbé ìdúró àwòrán kalẹ̀.